Fíìmù Kérésì àtijọ́ wo ni bàbá ọdún 74, ọmọ ọdún 14 àti ìbejì ọdún 6 lè jọ wò láìjà?

MàmáÈjìrẹ́ · 9:12 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n má bàa tún dójú ti ara mi lọ́dún yìí. Èmi ni wọ́n máa ń ní kí n yan fíìmù tá a máa wò lásìkò Kérésì torí wọ́n ní èmi ni mo mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ nǹkan kan, àwòrán iwájú ẹ̀ ni mo máa ń wò kí n tó tẹ̀ ẹ́. Lọ́dún tó kọjá mo rí ọkùnrin kan nínú aṣọ pupa Bàbá Kérésì, mo ní áà, èyí á dùn mọ́ àwọn ọmọ. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tí Bàbá Kérésì yẹn ti mutí yó, ó ń bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èébú tó wá ń ti ẹnu ẹ̀ jáde ò ṣeé tún sọ. Bàbá mi wà níbẹ̀ o! Wọ́n kàn dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo nǹkan kan níta, wọn ò wọlé mọ́ títí a fi pa á.

Bí ilé wa ṣe rí rèé. Bàbá mi ti pé 74, fíìmù àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ràn, wọn kì í fẹ́ ariwo. Àkọ́bí mi jẹ́ ọdún 14, tó bá ti rí fíìmù tí kò ní kọ́lọ̀ báyìí, ó ti gbé fóònù nìyẹn. Àwọn èjìrẹ́ jẹ́ ọdún 6, wọ́n ṣì gbà pé Bàbá Kérésì wà lóòótọ́, mi ò sì fẹ́ kí fíìmù kankan bá mi tú àṣírí yẹn. Alẹ́ márùn-ún la ní. Èwo ni kí n kó kalẹ̀, èwo la máa kọ́kọ́ wò, èwo ni kí n sá fún? Àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ ni mo fẹ́ o, kì í ṣe àwọn tuntun tí wọ́n ń tú jáde lọ́dọọdún tí gbogbo wọn jọra bí ìyẹ̀fun.

Àjọkẹ́Kòsùn · 9:20 alẹ́

Home Alone. Ó parí. Kí lẹ tún ń wá kiri?

AláròyéSinimá · 9:47 alẹ́

Háhàhá, mo mọ fíìmù tó ṣe yín báyẹn, Bad Santa ni (2003), àwọn àgbà ni wọ́n ṣe é fún látìbẹ̀rẹ̀, ẹ má bínú sí i, ẹ̀yin lẹ ò wo lẹ́tà R tó wà lára ẹ̀. Ohun tí mo máa kọ́kọ́ sọ nìyẹn, ẹ máa wo lẹ́tà tí wọ́n kọ sí fíìmù lára. G, gbogbo èèyàn ló lè wò ó. PG, kí òbí jókòó tì wọ́n. R, kí àwọn ọmọ ti lọ sùn. Love Actually (2003) náà R ni, àwọn èèyàn máa ń gbàgbé torí ìfẹ́ àti orin tó kún inú ẹ̀, àmọ́ ọkùnrin kan àti obìnrin kan wà nínú ẹ̀ tí irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ lè wojú bàbá yín lọ́jọ́ kejì.

Ó wá kan àwọn ojúlówó. Ọ̀gá gbogbo wọn ni It's a Wonderful Life (1946). Frank Capra ló darí ẹ̀, James Stewart ló ṣe George Bailey, ọkùnrin kan tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ gbọ́ tàwọn ará ìlú, kò ráyè rin ìrìn àjò tó wù ú rí, nǹkan wá dojú rú fún un lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì, ni áńgẹ́lì kan tí ò tíì gba ìyẹ́ bá wá fi bí ìlú yẹn ì bá ṣe rí hàn án ká ní wọn ò bí i rárá. Ẹ gbọ́ èyí: nígbà tó jáde kò pa owó tí wọ́n retí. Ìgbà tó di 1974 tí àwọn tó ni ín ò tún ẹ̀tọ́ ẹ̀ gbà lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà ni àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bá rí ohun ọ̀fẹ́, wọ́n ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́sàn-án lóru ní gbogbo Dìsẹ́ńbà, ibẹ̀ ló ti di ti gbogbo ayé. Títí dòní ọ̀fẹ́ ni, ibi tó bá wù yín lẹ ti lè wà á jáde.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 14 tí kì í wo èyí tí ò ní kọ́lọ̀, ẹ má sọ fún un pé fíìmù dáadáa ni, kò ní gbà. Ọ̀rọ̀ yìnyín inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ sọ fún un. Ìgbà ooru ni wọ́n ya fíìmù yẹn, James Stewart ń làágùn nínú kóòtù òtútù. Tẹ́lẹ̀, kọnfíléèkì tí wọ́n kùn ní funfun ni wọ́n máa ń dà sílẹ̀ fún yìnyín, ó sì máa ń pariwo lábẹ́ bàtà débi tí wọ́n á tún ohùn àwọn òṣèré gbà lọ́tọ̀. Àwọn ti Capra wá po ìfófòó tí wọ́n fi ń paná mọ́ ọṣẹ àti omi, wọ́n ń fi fáànù fẹ́ ẹ. Wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ Oscar ti iṣẹ́ ẹ̀rọ lórí yìnyín yẹn. Ẹ sọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ máa rí i pé yìnyín lá á máa ṣọ́, kó tó mọ̀, ó ti wọnú ìtàn.

Ẹlẹ́yinjúẸgẹ́ · 9:55 alẹ́

Kí ló dé tẹ́ ẹ ń ṣe wàhálà, ṣebí wọ́n ti kùn ún ní kọ́lọ̀? Èyí tó ní kọ́lọ̀ wà níta, kí wọ́n gbé ìyẹn sí i fún ọmọ náà.

AláròyéSinimá · 9:58 alẹ́

Ẹlẹ́yinjú ẹ jọ̀ọ́!! Capra ò fẹ́ ẹ, Stewart ò fẹ́ ẹ, àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ ní gbangba. Ojú àwọn èèyàn inú ẹ̀ dà bí ojú ọmọláńgidi tí wọ́n fi àtíkè kùn. Ẹ má bà á jẹ́.

Ẹlẹ́yinjúẸgẹ́ · 10:01 alẹ́

Ẹ̀yin lẹ lọ́kàn fún Capra, ọmọ ọdún 14 ò mọ̀ ọ́n. Kó wò ó ná, tó bá dàgbà á wá èyí tí ò ní kọ́lọ̀ fúnra ẹ̀. Bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo ṣì wà láàyè.

Nọ́ọ̀sìÒru · 10:05 alẹ́

Aláròyé ẹ ṣeun, ẹ mọ̀ ọ́n sọ, àmọ́ ẹ fo ohun tó ṣe pàtàkì jù. George Bailey yẹn, orí afárá ló dúró sí, ó fẹ́ bẹ́ sódò láti pa ara ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀ ó ti jágbe mọ́ ìyàwó, ó ti fọ́ nǹkan nínú ilé lójú àwọn ọmọ ẹ̀. Ó parí sí ayọ̀ lóòótọ́, mi ò sọ pé fíìmù burúkú ni, èmi gan-an fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ 130 ìṣẹ́jú ni, ìdajì ìkẹyìn sì le. Ọmọ ọdún 6 ò lè jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tó bá sì jókòó, ìbéèrè tó máa bi yín lórí afárá yẹn, ẹ ti múra ìdáhùn? Lẹ́yìn táwọn èjìrẹ́ bá ti sùn ni kẹ́ ẹ gbé e sí i.

Ohun kejì, ẹ wo gígùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà kan wà lóde tí wọ́n ti gé, tí wọ́n yọ gbogbo ibi tí áńgẹ́lì ti fi ìlú hàn án láìsí òun. Ẹ ò lè gbà á gbọ́, ibi tí fíìmù yẹn fi jẹ́ fíìmù gan-an ni wọ́n yọ! Èèyàn kàn dúró lórí afárá, a ṣẹ́jú, ó ti ń sáré lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Tí kò bá tó wákàtí méjì ó lé, ẹ sá fún un.

MàmáÈjìrẹ́ · 10:16 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni gbogbo yín. Nọ́ọ̀sì, ó dáa tẹ́ ẹ sọ ọ́. Mo yẹ kí n ti sọ nǹkan kan lókè àmọ́ mi ò fẹ́ sọ ọ́ di ẹkún. Màmá mi fi wá sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún yìí. Kérésì àkọ́kọ́ tí bàbá máa ṣe láìsí wọn nìyí. Àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń jọ wo àwọn fíìmù àtijọ́ yẹn, White Christmas ni màmá fẹ́ràn jù, wọ́n mọ gbogbo orin inú ẹ̀. Torí náà mi ò mọ̀ bóyá kí n tiẹ̀ gbé fíìmù ẹkún kankan dé iwájú wọn.

Ọmọ_Àná · 10:22 alẹ́

Ọlọ́run á tu bàbá nínú o, ẹ kú àmúmọ́ra.

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀ díẹ̀, ọmọ ọdún 14 ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀. Die Hard (1988). Alẹ́ Kérésì, àríyá ọ́fíìsì nínú ilé gogoro, ọkọ tó wá bá ìyàwó ẹ̀ parí ìjà, àwọn olè gba ilé, ó kù ún nìkan láìwọ bàtà. Fíìmù Kérésì ni, kò sí àríyànjiyàn.

Àjọkẹ́Kòsùn · 10:24 alẹ́

Kò sí àríyànjiyàn kẹ̀? Fíìmù tó jáde ní oṣù keje ọdún, tí wọ́n ń yìnbọn láti òkè délẹ̀?

Ọmọ_Àná · 10:31 alẹ́

Oṣù tó jáde kọ́ ló ń pinnu ẹ̀, àǹtí. Miracle on 34th Street tí gbogbo yín ń júbà fún, ìgbà wo lẹ rò pé ó jáde? Ṣáájú ìgbà ooru 1947 ni! Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní ìgbà ooru ni èèyàn máa ń lọ sinimá jù, ni wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ Kérésì pamọ́ nínú ìpolówó ẹ̀, ẹ wo ìpolówó yẹn ẹ ò ní mọ̀ pé Bàbá Kérésì wà níbẹ̀. Ṣé ìyẹn náà kì í ṣe fíìmù Kérésì? Tẹ́ ẹ bá yọ Kérésì kúrò nínú Die Hard, ọkùnrin yẹn ò ní wọkọ̀ òfuurufú wá, àríyá ò ní sí, ìtàn ti tú nìyẹn.

Àjọkẹ́Kòsùn · 10:33 alẹ́

Ẹ ti mú mi lórí ti oṣù. Ẹ ò tíì mú mi lórí ìbọn.

Nọ́ọ̀sìÒru · 10:35 alẹ́

R náà ni o, Ọmọ_Àná. Ọmọ ọdún 14, òun àti òbí ẹ̀ ló máa pinnu, kì í ṣe àwa. Ṣùgbọ́n bàbá tí kì í fẹ́ ariwo ńkọ́? Ẹ tún fẹ́ kí wọ́n lọ wo nǹkan kan níta?

Tíṣà_Fẹ̀yìntì · 6:40 àárọ̀

Mo kí gbogbo ilé. MàmáÈjìrẹ́, ọmọ mi, ẹ̀yìn màmá yín á dára. Èmi náà pàdánù ìyàwó mi, ó ti pé ọdún mẹ́rin. Kérésì àkọ́kọ́ yẹn, àwọn ọmọ mi ò jẹ́ kí n rí fíìmù kankan tí ẹnikẹ́ni ti kú tàbí tó ti sunkún, kátúùnù ni wọ́n ń gbé síwájú mi bíi pé mo ti padà di ọmọ ọwọ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, mo sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Lóru ọjọ́ kejì tí gbogbo wọn ti sùn ni mo dá It's a Wonderful Life tẹ̀, mo sunkún tẹ́rùn, mo sì sùn di ìyálẹ̀ta. Nítorí náà, má ṣe yan ohun tí bàbá rẹ lè fara dà fún un. Bi wọ́n léèrè. Sọ ohun tó wà nínú fíìmù náà fún wọn, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ bóyá wọ́n fẹ́.

Ti White Christmas (1954), mi ò lè sọ fún ọ pé kí o gbé e sí i tàbí kí o má gbé e sí i. Orin yẹn a máa dùn, a sì máa gún èèyàn. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ gan-an, àwọn sójà ni wọ́n jókòó sójú ogun lálẹ́ Kérésì 1944, tí Bing Crosby ń kọrin ilé fún wọn. Jẹ́ kó wà nílẹ̀, má tẹ̀ ẹ́, kí bàbá fúnra wọn béèrè ẹ̀.

Aláròyé, àtúnṣe kan. It's a Wonderful Life kì í ṣe ọ̀fẹ́ mọ́ o. Òótọ́ ni ti 1974, ṣùgbọ́n ìtàn kékeré kan wà tí wọ́n ti mú fíìmù yẹn jáde, ẹ̀tọ́ lórí ìtàn náà ò bọ́, nígbà tó di 1993 ilé iṣẹ́ kan fi ìyẹn àti ẹ̀tọ́ orin inú ẹ̀ gba gbogbo ẹ̀ padà. Má kọ́ àwọn èèyàn ní olè jíjà láàárọ̀ kùtùkùtù.

AláròyéSinimá · 7:15 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, mo gbà. Mo yí ẹnu padà lórí ti ọ̀fẹ́ yẹn. Mo sì fẹ́ fi kún ti White Christmas: ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé inú fíìmù 1954 yẹn lorin náà ti kọ́kọ́ jáde, rárá, fíìmù Holiday Inn (1942) ló ṣáájú ẹ̀, Irving Berlin ló ṣe orin náà, Bing Crosby náà ló fi ohùn kọ ọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ló ti gba Oscar. Ẹ má ṣì gbé Holiday Inn o, torí ibì kan wà nínú ẹ̀ tí àwọn òyìnbó ti fi dúdú kun ojú tí wọ́n ń ṣe bí aláwọ̀ dúdú, wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó le láti ṣàlàyé fún ọmọdé, ó le láti wò fún àgbà.

Ẹlẹ́yinjúẸgẹ́ · 7:40 àárọ̀

Bàbá Tíṣà ẹ kú iṣẹ́ sà, omi bọ́ lójú mi lórí ìjókòó.

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ Scrooge, ó yà mí lẹ́nu. Ahun tí ẹ̀mí mẹ́ta wá bá lóru. Ìwé Charles Dickens ti 1843 ni, wọ́n ti ṣe é ní fíìmù débi tí ò lóǹkà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní ọmọ kékeré àti àgbà lójú kan náà, The Muppet Christmas Carol (1992) ni o. Àwọn ọmọláńgidi ló kún inú ẹ̀, ọ̀kan ń sọ ìtàn bíi pé òun ni Dickens, eku kan ń dá a lóhùn, Michael Caine sì wà láàárín wọn, kò rẹ́rìn-ín, kò ṣẹ́jú, ó ń ṣe Scrooge bíi pé èèyàn gidi ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó dùn. Àwọn ọmọ á máa rẹ́rìn-ín eku, bàbá á máa wo Caine.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì · 8:02 àárọ̀

Mo ti wo ìyẹn pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ mi, kò burú. Ṣùgbọ́n Scrooge ti 1951, ti Alastair Sim, òun ni ọ̀gá. Ojú ọkùnrin yẹn nígbà tó jí láàárọ̀ Kérésì tó rí i pé òun ò tíì kú, tó ń jó kiri nínú aṣọ àwọ̀sùn, tí obìnrin tó ń tọ́jú ilé ẹ̀ rò pé orí ẹ̀ ti dàrú tó fi ń sá lọ. Kò sí ọmọláńgidi tó lè ṣe ìyẹn.

Ẹlẹ́yinjúẸgẹ́ · 8:10 àárọ̀

Sà, òkú Marley, ẹni tí òun àti Scrooge jọ ń ṣòwò, tó ń wọ́ ẹ̀wọ̀n nínú ti 1951 yẹn, igbe tó ń ké! Ọmọ mi ò sùn sí yàrá ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nínú ti àwọn ọmọláńgidi, orin ni wọ́n fi sọ ọ́ dà. Ẹ̀mí kẹta nìkan ló tún lè bà wọ́n lẹ́rù níbẹ̀, aṣọ dúdú tí ò lójú, ẹ gbá wọn mọ́ra dé ibẹ̀. MàmáÈjìrẹ́, ẹ fi ti 1951 tí Bàbá Tíṣà sọ yẹn sí alẹ́ àwọn àgbà.

Àní, orin ìbànújẹ́ kan wà nínú ti Muppet, ti ọmọbìnrin tó fi Scrooge sílẹ̀, wọ́n yọ ọ́ nígbà tó lọ sí sinimá, wọ́n wá dá a padà sínú ẹ̀dà odindi kan ní 2022. Tẹ́ ẹ bá rí méjì, èyí tó gùn ni kẹ́ ẹ yàn. Àwọn ọmọ lè sáré lọ yàgbẹ́ níbi orin yẹn, kò séwu.

Àjọkẹ́Kòsùn · 8:30 àárọ̀

Mo padà dé. Nípa àṣírí Bàbá Kérésì, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Miracle on 34th Street dùn, ti 1947 o, Edmund Gwenn ló ṣe bàbá arúgbó yẹn, ó sì gba Oscar fún un. Ṣùgbọ́n gbogbo ìtàn ẹ̀, kóòtù ni wọ́n lọ láti mọ̀ bóyá Bàbá Kérésì wà tàbí kò sí! Ìyá ọmọbìnrin inú ẹ̀ ti sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò sí. Ọmọ tèmi tó jẹ́ ọdún 7 yíjú sí mi, ó ní "Màmá, ṣé àwọn kan wà tí ò gbà pé ó wà ni?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Ó parí sí rere lóòótọ́, àpò lẹ́tà ni wọ́n dà sórí tábìlì adájọ́, adájọ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba ti gbà pé òun ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ti wọ ọmọ mi lórí.

Èyí tó burú jù ni Gremlins (1984). Ọmọbìnrin kan nínú ẹ̀ kàn dúró, ó sọ ìdí tí òun fi kórìíra Kérésì, gbólóhùn ìkẹyìn ìtàn yẹn ti tú àṣírí pátápátá. Ẹ má gbé e wá síwájú èjìrẹ́ rárá.

AláròyéSinimá · 8:44 àárọ̀

Òótọ́ ni ti Gremlins. Ẹranko yẹn rẹwà nínú àwòrán iwájú, ìyẹn ló ń tan àwọn òbí, irú ohun tó ṣe MàmáÈjìrẹ́ lọ́dún tó kọjá. Àwọn òbí bínú débi pé òun àti fíìmù Indiana Jones kan tí wọ́n jọ jáde ní 1984 ló jẹ́ kí wọ́n dá lẹ́tà PG-13 sílẹ̀.

Arẹwà_Òru · 9:05 àárọ̀

Fún èjìrẹ́: àwọn kúkurú. The Snowman (1982) àti How the Grinch Stole Christmas ti 1966, ìkọ̀ọ̀kan ò ju 26 ìṣẹ́jú lọ. Snowman ò tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sísọ, àwòrán àti orin nìkan, orin Aled Jones yẹn nígbà tí wọ́n ń fò lójú sánmà, áà. Kẹ́ ẹ sì fi Nightmare Before Christmas ti Tim Burton kún un fún ọmọ ọdún 14.

Nọ́ọ̀sìÒru · 9:11 àárọ̀

Aled Jones kọ́ ló kọrin nínú fíìmù yẹn, Peter Auty ni. Wọn ò kọ orúkọ ọmọ náà sí i nígbà yẹn. 1985 ni Aled Jones kọ tiẹ̀, tiẹ̀ ló wá lókìkí, ni gbogbo ayé bá gbé iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ fún un.

Ẹ tún sọ fún wọn pé ọmọ yìnyín yẹn yọ́ níparí! Ọmọdékùnrin yẹn jí, ó rí fìlà àti síkáàfù nìkan nílẹ̀. Kò sí ẹni tó wá ṣàlàyé, ó parí bẹ́ẹ̀. Inú ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀, ẹ ronú sí i.

AláròyéSinimá · 9:14 àárọ̀

Nightmare náà, Henry Selick ló darí ẹ̀ (1993). Ìtàn ni Tim Burton mú wá, ó sì wà lára àwọn tó gbé e jáde, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi sí iwájú àkọlé ni gbogbo èèyàn ṣe ń ṣì í. Ọmọláńgidi ni wọ́n ń sún díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n ń yà, ó gbà wọ́n ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta. 76 ìṣẹ́jú péré ni. Ọmọ ọdún 14 á gbádùn ẹ̀.

Arẹwà_Òru · 9:16 àárọ̀

Ẹ ti lù mí lápá ọ̀tún lápá òsì 😂 Mo gbà. Ti Grinch ńkọ́, ṣé mo ṣì í náà?

AláròyéSinimá · 9:17 àárọ̀

Rárá, ti Grinch yẹn pé. Chuck Jones ló darí ẹ̀, Boris Karloff ló sọ ìtàn. Ẹ má ṣáà sọ pé òun ló kọrin inú ẹ̀ o, Thurl Ravenscroft ni.

Ìyá_Àgbà_Kékeré · 11:30 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, ó jọ pé kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀. The Preacher's Wife (1996). Denzel Washington ni áńgẹ́lì, Whitney Houston ni ìyàwó pásítọ̀, orin inú ẹ̀ á gbé bàbá dìde lórí àga. The Bishop's Wife (1947) ti Cary Grant ni wọ́n tún ṣe. Kọ́lọ̀ wà, aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, áńgẹ́lì wà, kò sí ìbọn, ọmọ ọdún 14 á dá Whitney mọ̀. PG ni. Ẹ ò rí i pé ó bá gbogbo wọn mu?

Tíṣà_Fẹ̀yìntì · 12:10 ọ̀sán

Ti Cary Grant ni ojúlówó.

Ìyá_Àgbà_Kékeré · 12:12 ọ̀sán

Bàbá Tíṣà, mo mọ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀. Cary Grant ò lè kọrin bíi Whitney.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì · 12:20 ọ̀sán

Lórí ìyẹn, mo dákẹ́.

Nọ́ọ̀sìÒru · 1:02 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ ká padà sí Home Alone (1990) torí Àjọkẹ́ kàn jù ú sílẹ̀ ó lọ. Ìtàn Kevin ni, ọmọ ọdún 8 tí ìdílé ẹ̀ gbàgbé sílé nígbà tí wọ́n ń lọ sí Paris fún Kérésì, tó ń dẹ páńpẹ́ fún olè méjì. Mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí mo bá rí kóńgò ọ̀dà tó gbá èèyàn lójú láti òkè àtẹ̀gùn, mi ò lè rẹ́rìn-ín, mo ti ń wá ibi tí egungun ti dá. Ọmọ àǹtí mi wò ó tán, ó kó mọ́tò ìṣeré sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ìyá ẹ̀ ló gun ún. Ẹ bá àwọn èjìrẹ́ sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Àjọkẹ́Kòsùn · 1:15 ọ̀sán

Ẹ ṣàánú ìyá ọmọ náà. Àmọ́ olè méjì yẹn nìkan kọ́ ni Home Alone. Ẹ rántí bàbá arúgbó tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, tí gbogbo ọmọ ń sá fún, òun àti Kevin jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sọ pé òun àti ọmọ òun ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ọmọ ọdún 8 ló ń gbà á nímọ̀ràn. Ibẹ̀ ni mo ń wò ó fún. Tí bàbá MàmáÈjìrẹ́ bá máa rí ara wọn nínú fíìmù ọmọdé kan, ibẹ̀ ni.

AláròyéSinimá · 1:40 ọ̀sán

Àjọkẹ́ ẹ ṣé, ẹ ti ṣílẹ̀kùn tí mo ń wá. Ẹ gbọ́, Home Alone ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ẹ̀. Nígbà tí ìdílé Kevin wà ní Paris, fíìmù kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń wò lédè Faransé. It's a Wonderful Life ni! Ẹ wo Home Alone lálẹ́ àkọ́kọ́, gbogbo ilé. Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ bi ọmọ ọdún 14 yẹn pé fíìmù wo nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó fi fóònù tó ń gbé yẹn wá a fúnra ẹ̀. Fíìmù ọ̀daràn tí ò ní kọ́lọ̀ tí Kevin fi ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn yẹn náà, ẹ bi í bóyá fíìmù gidi ni. Kì í ṣe gidi, inú Home Alone nìkan ló wà, àwọn tó ṣe Home Alone ló yà á bíi ti àtijọ́. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ti wá a títí tí wọn ò rí i. Tó bá ti mọ ìyẹn, ọ̀rọ̀ kọ́lọ̀ ti tán lẹ́nu ẹ̀, torí ó ti wo èyí tí ò ní kọ́lọ̀ láìmọ̀.

Ọmọ_Àná · 1:44 ọ̀sán

Èyí dùn ju Die Hard lọ. Mo ní ju o, mi ò ní pé Die Hard kì í ṣe fíìmù Kérésì.

MàmáÈjìrẹ́ · 8:50 alẹ́

Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Alẹ́ àkọ́kọ́, Home Alone (mo máa kó gbogbo mọ́tò ìṣeré pamọ́). Ìkejì, Muppet. Ìkẹta, Grinch kúkurú yẹn fún èjìrẹ́, kí wọ́n lọ sùn, kí àwa tó kù wo It's a Wonderful Life tí bàbá bá gbà. Ìkẹrin, Preacher's Wife. Ìkarùn-ún mi ò yàn án. White Christmas wà nílẹ̀, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Miracle di ìgbà tí èjìrẹ́ bá dàgbà. Ẹ ṣé, màá wá ròyìn.

MàmáÈjìrẹ́ · 27 Dìsẹ́ńbà, 11:20 alẹ́

Mo dé o. Ẹ̀tàn Home Alone yẹn ṣiṣẹ́! Ọmọ náà fi ìdajì wákàtí wá fíìmù ọ̀daràn yẹn, inú bí i nígbà tó rí i pé kò sí. Lálẹ́ kẹta mo bi bàbá bí Bàbá Tíṣà ṣe wí, mo sọ ti afárá fún wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Èmi àti ìyá rẹ ti wò ó ju ìgbà mẹ́wàá lọ, kí lo fẹ́ sọ fún mi níbẹ̀?" Ojú tì mí. A wò ó láìsí kọ́lọ̀ (Ẹlẹ́yinjú ẹ má bínú). Ọmọ ọdún 14 ò gbé fóònù àfi ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tó parí tí gbogbo ìlú ń dáwó, tí bàbá ń nu ojú, ọmọ náà ní "Ẹ dúró ná, ọkùnrin tó jí 8,000 dọ́là yẹn ńkọ́? Ṣé wọn ò mú un ni?" Òun àti bàbá bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn títí di ọ̀gànjọ́.

Ọmọ_Àná · 27 Dìsẹ́ńbà, 11:26 alẹ́

Ọmọ dáadáa. Ṣé wọn ò mú Potter lóòótọ́ ni? Mi ò tíì wò ó dé òpin rí.

AláròyéSinimá · 27 Dìsẹ́ńbà, 11:31 alẹ́

Wọn ò mú un. Owó yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ títí dòní.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì · 28 Dìsẹ́ńbà, 6:35 àárọ̀

Alẹ́ karùn-ún ńkọ́, ọmọ mi?

MàmáÈjìrẹ́ · 28 Dìsẹ́ńbà, 7:10 àárọ̀

Àná ni sà. Bàbá fúnra wọn ló ní ká gbé ti ìyá wa sí i. Wọ́n kọ gbogbo orin inú ẹ̀, ohùn wọn ò dáa rárá. Àwọn èjìrẹ́ ní kí wọ́n tún un kọ.